Gift lorúkọ ọmọ mi, wọ́n ní májèlé ni lédè Jámánì

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà mẹ́ta ló wọlé lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwọn tó kọ wọ́n ò sì mọra wọn rí, ọ̀kan láti Aké, ọ̀kan láti Òkè-Ìlewò, ọ̀kan láti Ìbarà. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n jọ gbìmọ̀ pọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ, g-i-f-t, àmọ́ ilé tó ti wọ̀ ní Yúróòpù ò kéré, bó sì ṣe ń wọ ilé kan ló ń pààrọ̀ aṣọ. Mo ti bẹ ẹni tó ń bá wa to ojú ìwé pé kó fún mi láyè dáadáa, torí náà ẹ fara balẹ̀.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkọ́bí mi obìnrin, Gift lorúkọ ẹ̀, ó ti ríbi wọlé láti lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Jámánì, kíláàsì èdè wọn ló ń lọ láti bí oṣù mẹ́rin báyìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó débẹ̀ wọ́n ní kí kálukú dìde kó sọ orúkọ ẹ̀, bó ṣe sọ tiẹ̀ báyìí tíṣà bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó tún un sọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ṣàlàyé fún un pé májèlé ni Gift lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ délé, kò jẹun. Àtìgbà yẹn ló ti ń yọ mí lẹ́nu pé òun á yí orúkọ padà, bàbá ẹ̀ ní irọ́ ni, pé àwọn kan ni ò fẹ́ kó lọ. Bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án gbáko la fi wá ọmọ yìí kí Ọlọ́run tó dá wa lóhùn, ìdí tá a ṣe sọ ọ́ ní Gift nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni? Ta ló wá purọ́ fún ta, ṣé Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni àbí Òyìnbó Jámánì? – Ìyá Gift, Aké.*

Ìyá Gift, ẹ kú oríire ọmọ o, Ọlọ́run á jẹ́ ká gbọ́ ayọ̀ ẹ̀. Òótọ́ ni. Mo tètè sọ ọ́ kí Bàbá Gift má lọ máa fojú burúkú wo àwọn ará ilé. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pe gift náà ni Jámánì ń pè é, àmọ́ ohun tó jẹ́ lẹ́nu wọn ni májèlé. Tí Gift bá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún láti ra oògùn eku, Rattengift ló máa rí lára páálí ẹ̀. Olú téèyàn ò gbọdọ̀ jẹ, Giftpilz. Tọ́mọ kékeré bá ṣèèṣì gbé kẹrosíìnì mu, Giftnotruf lorúkọ nọ́ńbà tí ìyá ẹ̀ máa sáré pè. Nǹkan tó bá ti ní májèlé nínú, giftig ni wọ́n ń pè é, ohun tí wọ́n sì fi ń pa oró májèlé, Gegengift ni, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń sáré bu epo pupa fọ́mọ (ẹ má ṣe é mọ́ o, àwọn dókítà ti kìlọ̀ títí, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́sibítù).

Nígbà témi náà kọ́kọ́ rí Rattengift nínú fọ́tò tí àbúrò mi kan fi ránṣẹ́, ẹ̀rín ni mo rín, mo ní ẹ̀bùn eku rèé. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀ tí mo ń kọjá ní gáréèjì Láfẹ́nwá, bùọ̀dá kan gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́rùn, eku gbígbẹ mẹ́rin ló so mọ́ orí igi tó mú dání, ìrù wọn ń jù fìrìfìrì, ó ń pariwo pé "oògùn eku rèé, oògùn aáyán, oògùn ìdun, bó bá ti jẹ ẹ́ ó kú síbẹ̀!" Mo dúró. Oògùn kẹ̀? Ta ló ń ṣàìsàn nínú eku? Àwa tá à ń fi Òyìnbó rẹ́rìn-ín, orúkọ kan náà la fún ohun tó ń wo èèyàn sàn àti ohun tó ń pa eku, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe kàyéfì nínú wa. Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀, pharmakon ni wọ́n ń pe oògùn, pharmakon náà ni wọ́n ń pe májèlé, inú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni fámásì tó wà ládùúgbò yín ti jáde.

Ẹ wá béèrè pé ta ló purọ́ fún ta. Kò sẹ́ni tó purọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn jọra ni, wọn ò bára tan, bí ọkọ ìyàwó ò ṣe bá ọkọ́ tá a fi ń roko tan. Irú ẹ̀ ni hell. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀run àpáàdì ni, Jámánì ní ìmọ́lẹ̀ ni, yàrá tí iná ẹ̀ bá mọ́ kedere, hell ni wọ́n máa ní ó jẹ́, àwọn yẹn kàn pàdé lójú ọ̀nà ni. Gift ò rí bẹ́ẹ̀. Gift ti Jámánì àti gift ti Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Give lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, geben lẹ́nu Jámánì, geven lẹ́nu àwọn ará Họ́láńdì, fífúnni ni gbogbo ẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì fún èèyàn ló ń jẹ́ gift láti ìpilẹ̀ ṣẹ̀. Jámánì náà ti fi pe ẹ̀bùn rí láyé àtijọ́. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ di òní ni Mitgift, ẹrù ìyàwó nìyẹn, mit ni "pẹ̀lú", ìyẹn ohun tí wọ́n fún ìyàwó mú dání lọ ilé ọkọ. Kò sí májèlé kankan nínú Mitgift, àfi tí ìyá ọkọ bá le.

Báwo wá ni fífúnni ṣe di májèlé? Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi nìyí, ẹ̀yin náà ò sì nílò físà kẹ́ẹ tó mọ̀ ọ́n.

Mo wà ní kékeré nílé ìyá àgbà mi ní Ìjẹmọ̀, mi ò lè ju ọmọ ọdún méje lọ, télọ̀ kan ládùúgbò lọ sóde àríyá ní Sátidé, nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé ó ti kú. Àwọn obìnrin jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, ọ̀kan rọra tẹ orí wá síwájú, ó fohùn sílẹ̀, ó ní, "Wọ́n fún un ni." Ìkejì ní, "Mo rò bẹ́ẹ̀ náà, wọ́n fún un ní nǹkan jẹ." Èmi tí mo wà lẹ́yìn wọn, mo dá sí i, mo ní kí ni wọ́n fún un? Torí pé ohun tí mo mọ̀ ni pé tí wọ́n bá ti fún èèyàn ní nǹkan jẹ lóde àríyá, ìrẹsì ni. Ìyá àgbà sọ èèpo ẹ̀gúsí lù mí lórí, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi ṣeré.

Ẹ ò rí nǹkan? Kò sẹ́ni tó pe májèlé nínú wọn, "fún" nìkan ti tó. Ọ̀rọ̀ tó burú, ẹnu kì í fẹ́ gbé e, èèyàn á wá gba ẹ̀yìnkùlé lọ, á ní "nǹkan", á ní "wọ́n fún un", gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló sì mọ ibi tó ń lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Jámánì nìyẹn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún májèlé tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ gan-an, àmọ́ wọ́n ń yẹra fún un, wọ́n ń sọ pé ohun tí wọ́n fún un ni, gift ni, bó ṣe pẹ́ títí tí ìtumọ̀ ẹ̀bùn kú dànù nínú ẹ̀ nìyẹn, ó wá ku èyí tó burú. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn ò kú tán o. Ní Jámánì òde òní Eiter ló ń jẹ́, ọyún inú egbò ni wọ́n sì fi ń pè báyìí. Ní Dẹ́nmáàkì ẹ ṣì máa bá a lára aláǹtakùn, edderkop lorúkọ aláǹtakùn níbẹ̀, edder yẹn ni májèlé àtijọ́. Àwọn ará Áísílàǹdì tí wọn ò fẹ́ràn kí wọ́n máa yí èdè wọn padà ṣì ń pe májèlé ní eitur títí dòní, kò sí ìdàrúdàpọ̀ kankan lọ́dọ̀ tiwọn.

Àwọn dókítà náà sì lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Gíríìkì ní didonai, ìyẹn "láti fún", inú ẹ̀ ni wọ́n ti rí dosis, ohun tá a fún èèyàn, àwọn oníṣègùn wọn wá ń fi pe ìwọ̀n oògùn tí wọ́n fún aláìsàn. Látìnì gbà á bẹ́ẹ̀, ó gbé e kiri Yúróòpù, òun náà ni dóòsì tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pariwo ẹ̀ mọ́ wa létí pé ká lò ó pé. Àwọn ará Jámánì tó ń ka ìwé ìṣègùn wá ní, dosis yìí, kí la máa pè é lédè tiwa? Ohun tá a fúnni, gift náà ni. Ẹ wá wò ó, dóòsì àti Gift, ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní nísàlẹ̀, ọ̀kan lọ dúró sọ́dọ̀ dókítà, èkejì lọ dúró sọ́dọ̀ apànìyàn.

Dókítà kan wà tó ń jẹ́ Paracelsus, ọmọ Switzerland, wọ́n bí i ní 1493, ó kú ní 1541. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé májèlé ló ń fún àwọn aláìsàn ẹ̀, ó wá kọ̀wé fèsì ní 1538 lédè Jámánì pé gbogbo nǹkan ni Gift, kò sí èyí tí kò ní Gift nínú, Dosis nìkan ló ń sọ bóyá á pani àbí kò ní pani. Àwa Ẹ̀gbá ló yẹ ká bá a jẹ́rìí sí ìyẹn. Pákí tá a fi ń ṣe láfún, sáyánáìdì wà nínú ẹ̀, pàápàá èyí tó korò, ìdí nìyẹn tá a fi ń rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, mẹ́rin, ká tó fún un, ká tó sá a sórí àpáta, ká tó lọ̀ ọ́. Oró yẹn á ti lọ kí láfún tó dé inú abọ́. Ẹni tó bá kánjú ló ń fi Gift jẹun.

Ẹ má rò pé Jámánì nìkan ni ẹ̀bi yìí wà fún. Poison tí Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ Faransé, ìtumọ̀ ẹ̀ nísàlẹ̀ ò ju ohun mímu lọ, potio ni Látìnì, àgbo nìyẹn lédè wa. Veneno tí àwọn ará Sípéènì ń pe májèlé, veleno tí àwọn ará Ítálì ń pè é, inú venenum ti Látìnì ni wọ́n ti wá, àwọn onímọ̀ èdè sì ní òògùn ìfẹ́ ló jọ pé ó kọ́kọ́ jẹ́, pé òun àti Venus, òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù, jọ tan. Ìyàwó tó lọ gba nǹkan tó máa fi sọ́bẹ̀ ọkọ kó lè fẹ́ràn ẹ̀, tí ọkọ wá jẹ ẹ́ tó gbé inú dání, ìtàn ọ̀rọ̀ náà nìyẹn tán. Ní Họ́láńdì ọ̀rọ̀ wọn tilẹ̀ rí rúdurùdu, gift ṣì jẹ́ ẹ̀bùn níbẹ̀, owó téèyàn fi ṣàánú, àmọ́ giftig jẹ́ nǹkan olóró, gif tàbí vergif sì ni májèlé fúnra ẹ̀. Afrikaans tó tinú èdè wọn jáde ní South Africa náà ní gif ni májèlé. Torí náà kí Gift má rò pé tó bá sá kúrò ní Jámánì ó ti bọ́.

Ó ku ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló fẹ́ lọ ṣe, mi ò bá ní kó fi í sílẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ kejì wọ́n á gbàgbé. Àmọ́ nọ́ọ̀sì! Schwester ni wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì obìnrin níbẹ̀, ìyẹn sístà, ó sì ti pẹ́ tó ti jẹ́ àṣà wọn pé orúkọ àbísọ ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé e, Schwester Anna, Schwester Maria. Ẹ wá fojú inú wo bàbá arúgbó kan tó dùbúlẹ̀ ní wáàdì láàárọ̀, ara ò yá, wọ́n gbé oògùn dé iwájú ẹ̀, ó gbójú sókè, ó rí bájì lára aṣọ ẹni tó gbé e wá: Schwester Gift. Sístà Májèlé ti dé. Ẹni tí ò kú tẹ́lẹ̀ á fẹ́ dìde sá.

Mo bi ẹnì kan tó ń bá yín gbé e wá pé ṣé ọmọ ò lórúkọ Yorùbá ni, ó ní Ẹ̀bùnolúwa ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ nílé kẹ́ ẹ tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àbọ̀ ti dé nìyẹn. Kó máa jẹ́ Ẹ̀bùn ní kíláàsì, kó máa jẹ́ Ẹ̀bùn ní wáàdì, kó sọ fún wọn pé Ẹ̀bùn ni kí wọ́n kọ sára bájì òun. Tó bá wà nínú páspọ́ọ̀tù ẹ̀, ó ti parí. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má sáré lọ pa Gift rẹ́ o, nítorí yíyí orúkọ padà nílẹ̀ yìí, àfidáfíìtì ni ní kóòtù, ká tún gbé e sínú ìwé ìròyìn, ká wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sàtífíkéètì kan tẹ̀ lé òmíì kiri, ọmọ tó ní físà láti gbà ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn lásìkò yìí. Gift lè dúró sínú ìwé. Tí wọ́n bá sì bi í pé kí ni Ẹ̀bùn túmọ̀ sí, kó ní Geschenk. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ní tiẹ̀ nínú, schenken tó ti jáde, kí wọ́n bu nǹkan mímu fún èèyàn ló kọ́kọ́ jẹ́, lọ́dọ̀ wọn ìgò lẹ̀bùn ti wá. Ẹ bá mi kí Bàbá Gift.

*Ẹ̀gbọ́n olóòtú, SS2 ni mo wà. Tíṣà wa ní ní ayé àtijọ́ owó orí ìyàwó ni gift lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní irọ́ ni, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Ẹ bá wa dá a. – Ọmọ Òkè-Ìlewò.*

Ọmọ dáadáa, dìde ńlẹ̀, àmọ́ tíṣà ẹ ló jàre. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìyẹn èyí tí wọ́n ń sọ kó tó di 1066, owó tí wọ́n san lórí ìyàwó ni gift, tí wọ́n bá sì pè é ní ọ̀pọ̀, ìgbéyàwó fúnra ẹ̀ ni. Wọn kì í sì í pè é bá a ṣe ń pè é yìí, "yíft" ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Dẹ́nmáàkì àti Nọ́wè tó ń gba orí òkun wá jà wọ́n lógun, tí wọ́n padà wá jókòó sí àárín wọn, àwọn ló gbé "g" tó le wá, àwọn náà ló sì mú kí ìtumọ̀ ẹ̀bùn lásán rọ́wọ́ mú. Ohun tí wọ́n gbé wá ò mọ síbẹ̀, egg wà níbẹ̀ (èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ní tẹ́lẹ̀ jọ "ey"), window wà níbẹ̀, husband gan-an tiwọn ni, baálé ilé ló sì jẹ́ lẹ́nu wọn. Torí náà ẹni tó ń fúnni ní gift lọ́jọ́ ìbí lónìí, owó orí ló ń san láìmọ̀. Má sọ ìyẹn fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ obìnrin o.

*Sí olóòtú. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé ni mí, tíṣà fẹ̀yìntì. Ọmọkùnrin mi kan wà ní Swídìn láti bí ọdún mẹ́fà. Láìpẹ́ yìí ó fi fọ́tò ìwé ìjọba kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí n fi ṣe nǹkan lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa kan. Mo wọ díńgí mi, mo kà á dáadáa. Níwájú ibi tí wọ́n kọ Civilstånd, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni Gift. Ọmọ mi ò jẹ́ Gift, ẹnikẹ́ni ò jẹ́ Gift nínú ẹbí wa. Mo pè é, ó ní "Bàbá, ẹ fìyẹn sílẹ̀." Mo wá a lórí Google, ó ní májèlé. Oorun ò kùn mí mọ́. – Bàbá tó ń gbé Ìbarà.*

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó fún ọmọ yín ní nǹkan jẹ. Lóòótọ́ Google ò purọ́, gift jẹ́ májèlé ní Swídìn bó ṣe jẹ́ ẹ ní Jámánì. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn nìkan ló jẹ́ níbẹ̀. Civilstånd lójú ìwé yẹn, ohun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ ni pé ṣé èèyàn ní ọkọ tàbí aya. Tó bá jẹ́ pé kò ní, ogift ni wọ́n máa kọ. Gift ni wọ́n kọ síwájú orúkọ ọmọ yín.

Bàbá, ó ti níyàwó.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó rọ̀ jù báyìí lọ. Ẹ jẹ́ kí n máa sọ ti ọ̀rọ̀ náà lọ kí ara yín wálẹ̀ díẹ̀. Ní Swídìn, ní Dẹ́nmáàkì, ní Nọ́wè, lẹ́tà mẹ́rin kan náà yìí ni májèlé, òun náà ni ẹni tó ti gbéyàwó tàbí tó ti lọ́kọ. Àwọn ará Swídìn àti Nọ́wè ń pè é ní "yíft", bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọmọ SS2 yẹn. Àwàdà tó tinú ẹ̀ jáde ẹ̀yin náà lè fúnra yín rò ó, kò sí ọkùnrin ibẹ̀ kan tí kò tíì dá a rí. Ní Áísílàǹdì, giftur ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ti gbéyàwó, májèlé ò sì dá sí tiwọn.

Ibi tí ti ìgbéyàwó ti wọlé ò jìnnà sí wa rárá. Tí bàbá ìyàwó bá ti gbà, tí àdúrà ti parí, kí làwa ń sọ? A ní a ti fi ọmọ fọ́kọ. Fún náà ni. Àwọn ará Swídìn ní gifta bort, kí wọ́n fi ọmọ fúnni lọ, ẹni tí wọ́n bá sì ti fi fúnni ti di gift. Àwọn ará Pólàǹdì àti Rọ́ṣíà tí èdè wọn ò bá ti Swídìn mu náà ń sọ pé wọ́n fún ọmọbìnrin jáde lọ sẹ́yìn ọkọ, bí Rọ́ṣíà ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, sẹ́yìn ọkọ. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ tí lẹ́tà yín ti dé, pé ọ̀rọ̀ kékeré kan tá à ń sọ lójoojúmọ́, fún, òun la fi ń bùn ọmọ ní súìtì, òun la fi ń mọ́mọ lọ ilé ọkọ, òun náà làwọn ìyá ẹlẹ́gùúsí ìjọ́un fi sọ bí télọ̀ ṣe kú. Ẹnu ò kàn tíì gé tiwa sọ́nà mẹ́ta ni. Ti àwọn Òyìnbó yẹn ti gé, Gẹ̀ẹ́sì mú ẹ̀bùn, Jámánì mú májèlé, Swídìn àti àwọn ará ibẹ̀ mú májèlé àti ìyàwó.

Ẹ ò wá ní ṣàìbi mí pé ọmọbìnrin ni wọ́n ń fi fọ́kọ, ọkùnrin lẹ̀yin bí, báwo ni tiẹ̀ ṣe jẹ́. Láyé àtijọ́ ti obìnrin ni lóòótọ́. Nígbà tó yá wọ́n ń lò ó fún méjèèjì, lónìí kò sẹ́ni tó ń bi ara ẹ̀ mọ́ pé ta ló fi ta fún ta. Kí ẹ pè é, Bàbá, kẹ́ ẹ má sì fi igbe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó fi ìwé tó ní Gift nínú ránṣẹ́ sí tíṣà fẹ̀yìntì, tó mọ̀ pé bàbá òun á wọ díńgí á kà á délẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, ẹnu ẹ̀ ni ò gbé e.

A ti fẹ́ máa kó ìwé lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé nígbà tí fóònù mi dún, Bàbá Ìbarà ni. Ọmọ ti jẹ́wọ́. Ó ti lé lọ́dún kan, ọmọ Swídìn ni ìyàwó, wọ́n jọ lọ buwọ́ lùwé láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n jáde, wọ́n lọ jẹun, ó tán. Bàbá ò bínú bí mo ṣe rò. Wọ́n ti bá ìyàwó sọ̀rọ̀ pàápàá, wọ́n ní ó kí àwọn "ẹ káàsán, Bàbá" lálẹ́ pátápátá, inú wọn sì dùn sí i. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Wọ́n ní, "Mo bi í pé èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ. Ó ní wọn ò gba nǹkan kan. Wọn ò gba kọ́bọ̀! Olóòtú, irú gift wo wá nìyẹn?"